Òdòdó Fílọ́ọ̀sì ti Ilẹ̀ Iyanrìn Texas, àti Bí A Ṣe Lè Gbìn Ín Sínú Ọgbà

Ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà lẹ́bàá odò Guadalupe tí a ń pè ní Gonzales. Iyanrìn ni ilẹ̀ agbègbè náà ní ibi púpọ̀. Kò sanra, omi kì í sì í dúró nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó dà lọ láàárín ìka rẹ̀, yóò sì wá ibòmíràn tí yóò gbin àgbàdo rẹ̀ sí. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹta bá ń lọ tí oṣù Kẹrin sì ń bọ̀, ilẹ̀ iyanrìn yìí a máa pọ́n bí ẹni pé a tẹ́ aṣọ àlàárì sí orí rẹ̀. Ewéko kékeré kan ni ó ń tanná bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin ín.

Orúkọ rẹ̀ ni fílọ́ọ̀sì. Àwọn onímọ̀ ewéko a sì máa kọ ọ́ ní kíkún báyìí pé Phlox drummondii. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì ni fílọ́ọ̀sì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọwọ́ iná. Irú fílọ́ọ̀sì tí ó wà ní ayé lé ní 60, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá sì ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ṣẹ̀, àfi èyí tí a rí ní Siberia. Púpọ̀ nínú wọn a máa wà láàyè fún ọdún púpọ̀: gbòǹgbò wọn a sùn nínú ilẹ̀ ní ìgbà òtútù, wọn a sì tún rú jáde nígbà tí ooru bá padà dé. Fílọ́ọ̀sì ti Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ju ọdún kan lọ tí í fi í wà láyé: ó hù, ó tanná, ó so, ó sì kú.

Kò ga. Èyí tí ó kúrú jù a máa tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó ga jù a sì máa tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Irun wẹ́wẹ́ tí ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ wà lára igi àti ewé rẹ̀. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ a máa kọjú sí ara wọn ní méjì méjì, ṣùgbọ́n àwọn ti òkè a máa yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ṣóńṣó orí ẹ̀ka ni àwọn òdòdó ń ṣù jọ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ewé òdòdó 5 tí ó tẹ́ bí àwo, ihò tóóró gígùn kan sì wà ní ìsàlẹ̀ àwo náà níbi tí oyin rẹ̀ wà. Kìkì kòkòrò tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti labalábá ni ó lè fa oyin náà dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti ra irúgbìn òdòdó yìí nítorí ẹwà àwòrán tí a yà sí ara àpò rẹ̀. Wọ́n a gbìn ín sí ilẹ̀ dúdú tí a ti kó àjílẹ̀ sí, wọ́n a máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n a sì rò pé àwọn ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ewé nìkan ni wọ́n a rí, ó rọ̀ ó sì tutù yọ̀yọ̀; tàbí kí ìdí rẹ̀ jẹrà, kí ó sì wó lulẹ̀ kí ó tó tanná. Nígbà náà ni wọ́n a máa bú ẹni tí ó ta irúgbìn fún wọn. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti irúgbìn. Ohun tí ó dára fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fún ewéko tí kò bá tẹ̀tẹ̀ tan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin fílọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń lo ọdún rẹ̀ nínú ìgbẹ́, nítorí ìgbé ayé rẹ̀ níbẹ̀ ni ìwé ìlànà ọlọ́gbà.

Ní Texas, ooru oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹjọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn fi ń jó ẹsẹ̀. Kò sí fílọ́ọ̀sì kankan lórí ilẹ̀ ní ìgbà náà. Ó ti kú tán, igi rẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ti gbá a lọ. Irúgbìn rẹ̀ nìkan ni ó kù nínú iyanrìn. Ooru a máa mú kí ó sùn, bí òjò ooru bá sì ta sí i, kì í tètè dá a lóhùn. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá kọjá, tí òru bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tí òjò sì rọ̀, nígbà náà ni ó tó hù. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ewéko kékeré náà a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ń kọjá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ń lọ sísàlẹ̀. Bí oòrùn bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú, a dìde lójijì, a pẹ̀ka, a sì tanná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ooru tó le, ó ti so èso.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni ewéko yìí ń béèrè: òtútù díẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ọmọdé, oòrùn púpọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà, àti ilẹ̀ tí omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Kò béèrè ọ̀rá ilẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ ọlọ́ràá a máa mú kí ó gbàgbé òdòdó, kí ó sì máa kọ́ ewé.

Ẹni tí ó kó irúgbìn rẹ̀ jáde kúrò nínú iyanrìn Texas, tí ó fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, kò jẹ èrè rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì ni, Thomas Drummond ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn kiri ilẹ̀ tí a kò tíì mọ̀, kí ó máa já ewéko, kí ó máa sá wọn gbẹ láàárín ìwé, kí ó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé. Láti 1825 sí 1827 ó bá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò John Franklin lọ sí ilẹ̀ Kánádà, níbi tí ó ti dá wà ní ìgbà òtútù kan nínú àgọ́ tí ó fi ẹ̀ka igi kọ́ fúnra rẹ̀. Ó kọ̀wé pé nígbà tí àwọn béárì ńlá bá súnmọ́ òun, àpótí irin tí òun ń kó ewéko sí ni òun ń mì pẹkẹpẹkẹ, ariwo rẹ̀ a sì lé wọn sá. Lẹ́yìn èyí ó di olùtọ́jú ọgbà ewéko ìlú Belfast. Ní 1831 ó tún kọjá sí Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Kẹta 1833 ó gúnlẹ̀ sí Velasco, ní ẹnu odò Brazos. Abẹ́ ìjọba Mẹ́síkò ni Texas wà nígbà náà.

Ìgbà búburú ni ó dé. Àrùn onígbàméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Velasco àti ní àwọn ìlú tí ó wà lẹ́bàá odò náà. Drummond fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní àyíká rẹ̀ kú láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Òun yè é, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lè jókòó, ebi ni ó tún kù tí ì bá pa á, nítorí kò sí ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti fún un ní oúnjẹ. Ní ọdún kan náà odò Brazos kún bo bèbè rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó fi kọjá lórí pápá oko tí ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn.

Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ni onígbàméjì ti ń wá. Afẹ́fẹ́ búburú ni a ń dá lẹ́bi. Ní 1854 ni Dókítà John Snow fi hàn ní London pé ẹ̀rọ omi kan ni ó ń tan àrùn náà ká ní àdúgbò kan. Omi ara tí ó ń ṣàn tán ni ó ń pa aláìsàn náà, nítorí náà ohun tí ó ń gbà á là ni kí a dá omi padà sí i lára: ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí a fá pẹ̀lú ọ̀bẹ kí ó má ṣe ga, nínú lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́dúró bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìmọ̀ kékeré yìí ì bá ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là ní Velasco.

Ẹni tí ó ti la èyí kọjá ì bá padà sílé. Drummond kò padà. Ó rìn láti etíkun Galveston títí dé ẹ̀bá odò Colorado àti Guadalupe, nígbà tí yóò sì fi parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Texas, ó ti kó nǹkan bí 750 irú ewéko àti nǹkan bí 150 ẹyẹ jọ. Ní 1834, ní agbègbè Gonzales, ó gba irúgbìn fílọ́ọ̀sì pupa, ó sì fi í ránṣẹ́ sí William Jackson Hooker, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ewéko ní Glasgow. Ilẹ̀ Texas wù ú. Ó ní in lọ́kàn láti lọ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá, kí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀, kí òun sì máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ó kọ́kọ́ fẹ́ lọ wo àwọn ewéko Florida. Ọ̀nà náà mú un dé Havana ní erékùṣù Kúbà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí nínú oṣù Kẹta 1835. Ní èbúté kan náà, ní àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an, ni ọkọ̀ ń já àwọn ọmọ Yorùbá sí ní ẹrú, àwọn tí ogun tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lé jáde. Àwọn ni a ń pè ní Lukumí níbẹ̀. Ìlú tí ẹni púpọ̀ wọ̀ láìní ìrètí pé wọn yóò tún rí ilé wọn ni.

Ní ọdún kan náà, irúgbìn tí Drummond fi ránṣẹ́ hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tanná. Hooker yà á ní àwòrán sínú ìwé ìròyìn ewéko kan tí a ń pè ní Curtis's Botanical Magazine, ó sì fi orúkọ ọkùnrin náà pè é. Ó sọ nínú ìwé náà pé òun fẹ́ kí òdòdó yìí máa rán àwọn ènìyàn létí ẹni tí ó wá a rí tí kò sì ṣe oríire. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lẹ́ṣà. Lónìí a rí èyí tí ó funfun, èyí tí ó dàbí wàrà, pupa rúsúrúsú, pupa bí ẹ̀jẹ̀, àti àwọ̀ ẹsẹ̀ àlùkò. A sì rí àwọn mìíràn tí etí ewé òdòdó wọn ṣe ṣóńṣó bí ìràwọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa náà ní ohun ìyanu nínú, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Texas tí ó ń gbé, aró ṣíṣì ni àwọ̀ fílọ́ọ̀sì yìí. Ní ìhà ìlà-oòrùn, pupa dídé ni. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn ènìyàn rí èyí, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni pé ní ìhà ìlà-oòrùn ni irú fílọ́ọ̀sì mìíràn kan ń gbé, tí a ń pè ní Phlox cuspidata, aró ṣíṣì sì ni òdòdó tirẹ̀ náà. Bí labalábá bá gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti ara ọ̀kan sí ara èkejì, wọ́n lè so pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá bí a máa yàgàn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lè so irúgbìn tí ó dára. Ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ òfò fún àwọn òbí rẹ̀. Nísinsìnyí, labalábá tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu oyin lára òdòdó tí àwọ̀ rẹ̀ dé a máa fẹ́ láti dúró ti irú rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ fò lọ sí ara èyí tí ó ṣì. Nípa báyìí, àwọn fílọ́ọ̀sì tí ó pọ́n ń fẹ́ ara wọn, ọmọ yíyàgàn wọn kò sì pọ̀; àwọn tí ó ṣì ń ṣòfò irúgbìn wọn. Láti ìran dé ìran, pupa borí ní ibẹ̀.

Donald Levin ti tọ́ka sí èyí ní 1985. Ní 2011 àti 2012, Robin Hopkins àti Mark Rausher fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú oko àti nínú ilé ìwádìí: wọ́n fi hàn pé ohun àjogúnbá méjì péré ni ó yí padà nínú ewéko náà, ọ̀kan tí ó sọ aró di pupa, ọ̀kan tí ó sọ ṣíṣì di dídé. Labalábá dúdú kan tí apá rẹ̀ ń dán bí aró wà lára àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Aṣọ àlàárì tí a rí ní Gonzales, ẹnu labalábá ni ó hun ún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ tí ó wà lára àpò irúgbìn dáadáa. Fílọ́ọ̀sì tí ń pẹ́ ní ọdún púpọ̀, bíi Phlox paniculata, fẹ́ òtútù líle kí gbòǹgbò rẹ̀ tó lè sùn kí ó sì tún jí. Owó tí a bá fi rà á fún ilẹ̀ gbígbóná, òfò ni. Drummondii ni kí a béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbà gbíngbìn, òun ni ó sì le jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí. Ní Texas, láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá ni a ń fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti lè pa á, oṣù Kẹta ni wọ́n ń fún un sínú àpótí lábẹ́ dígí, tàbí kí wọ́n dúró di oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún kí wọ́n tó fún un síta. A sì máa tanná ní ìgbà ooru wọn, nítorí ooru wọn kò ju ìgbà ìrúwé Texas lọ. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí òjò ńlá bá ti dá, ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ni wọ́n ń fún un, kí ó lè lo ìgbà òtútù wọn. Oṣù yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni òfin rẹ̀: kí a fún un nígbà tí yóò rí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò gbóná jù níwájú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà tí ó súnmọ́ èyí jù lọ ni ìparí òjò. Bí a bá fún un ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, yóò wà ní ọmọdé nígbà tí ọyẹ́ bá dé, òru ọyẹ́ sì tutù. Òtútù náà kò tó ti Texas, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí pé òdòdó rẹ̀ yóò pẹ́ tó ti ibẹ̀. Nígbà tí ooru oṣù Kẹta bá mú, ó yẹ kí a gbà pé ìgbà rẹ̀ ti pé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fún un ní oṣù Kẹfà. Òjò yóò mú kí ìdí rẹ̀ jẹrà.

Kí a wá ibi tí oòrùn ń ràn sí fún wákàtí 6 ó kéré tán, tí igi ńlá kò ṣíji bò. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, kí a po iyanrìn odò mọ́ ọn, kí a sì kọ ọ́ ga sókè bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kí omi lè máa ṣàn kúrò. Iyanrìn etíkun kò dára nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Àjílẹ̀ tí ó ti jẹrà tán, ìwọ̀nba agbọ̀n kékeré kan fún ilẹ̀ tí ó tó ẹní kan, ti tó. Kí a má ṣe fi ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i rárá.

Irúgbìn rẹ̀ kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ń hù. Kí a fi ìka fa ojú ilẹ̀ láìjìn, kí a fún un sínú rẹ̀, kí a sì fi iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bò ó, ṣùgbọ́n kí ìbòrí náà má ṣe nípọn ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ. Kí a wọ́n omi sí i pẹ̀lú agolo tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí ní ìdí. Ní ibi tí ilẹ̀ bá tutù díẹ̀, yóò hù láàárín ọjọ́ 10 sí 15. Bí ọ̀sán bá gbóná jù, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó títí yóò fi hù, kí a sì ká a kúrò ní ọjọ́ tí a bá rí ewé àkọ́kọ́, nítorí bí ó bá pẹ́ nínú òjìji yóò ga, yóò sì rọ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ kí a yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà ó sàn kí a fún un sí ibi tí yóò dúró sí. Bí ó bá ṣe dandan pé kí a ṣí i, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ju ewé 4 tàbí 6 lọ, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Kí àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì tó ínṣì 6. Ó máa ń ro ènìyàn lára láti fa ewéko tí ó hù dáadáa tu nítorí àlàfo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá há mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹbu funfun kan yóò sì bò wọ́n bí ìyẹ̀fun. Nígbà tí ó bá ga tó ínṣì 3, kí a fi èékánná já ṣóńṣó orí rẹ̀. Dípò igi kan, yóò yọ ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kí omi tí a ó máa bù sí i lọ sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe sí orí ewé, kí ó sì jẹ́ ní òwúrọ̀. Kí a ti ìka bọ ilẹ̀ kí a tó bomi rin ín: bí iyẹ̀pẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ bá ṣì tutù, kí a fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Nígbà ọyẹ́, kí a máa yí ewé rẹ̀ padà wò. Bí a bá rí àmì wẹ́wẹ́ tí ó ti funfun lójú ewé, àti okùn tínrín bí ti alántakùn lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò pupa kékeré tí ó ń fa omi ewé ni ó wà níbẹ̀. Kí a fi omi fọ abẹ́ ewé náà ní òwúrọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò náà kò fẹ́ ọ̀rinrin. Èyí nìkan ni ìgbà tí ó tọ́ kí omi kan ewé.

Bí òdòdó bá ń rọ, kí a máa gé àwọn orí tí ó ti gbó kúrò, ewéko náà yóò sì tún mú òmíràn jáde, nítorí ohun tí ó ń wá ni irúgbìn, kì yóò sì sinmi títí yóò fi rí i. Ṣùgbọ́n kí a fi èyí tí ó dára jù sílẹ̀ kí wọ́n so. Èso rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà, ilé mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, irúgbìn kan sì sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èso náà bá gbẹ, a máa bẹ́ pẹ̀, a sì ta irúgbìn rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá dúró kí ó gbẹ tán lórí igi kì yóò bá nǹkan kan. Àwọn tí ó ń tún ojú ọ̀nà ṣe ní Texas mọ èyí: láti nǹkan bí 1934 ni wọ́n ti ní ìlànà pé kí a má ṣe gé koríko ẹ̀bá ọ̀nà títí àwọn òdòdó ìgbà ìrúwé yóò fi tanná tán tí wọn yóò sì ti so, àfi níbi tí ewu bá wà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ní Florida ẹ̀wẹ̀, ó ti jáde kúrò nínú ọgbà àwọn ènìyàn, ó sì ti gba ẹ̀bá títì lọ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí èso bá ń yí padà láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ igi gbígbẹ, kí a gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí a ti orí rẹ̀ bọ inú àpò ìwé, kí a so ẹnu àpò náà, kí a sì gbé e kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan a ó máa gbọ́ bí ó ti ń ta pẹ̀ pẹ̀ nínú ìwé. Bí a bá gbin àwọ̀ púpọ̀ sójú kan, kòkòrò yóò ti da ìyẹ̀fun òdòdó wọn pọ̀, a kò sì lè mọ àwọ̀ tí yóò jáde ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pupa nìkan, pupa nìkan ni kí ó gbìn. Kí a gbọn irúgbìn náà sínú ìgò gbígbẹ, kí a dé e pinpin, kí a kọ ọdún sí i lára, kí a sì gbé e sí ibi tí ó tutù jù nínú ilé títí oṣù Kẹwàá yóò fi padà dé.